Ṣé Ọlọ́run dárí ji Ádámù àti Éfà?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 3, Ọlọ́run bá wọn wí, ó sì lé wọn jáde kúrò nínú ọgbà. Ibo ni ìdáríjì wà níbẹ̀?

Ará Òmù-Àrán: Ẹ wo ẹni tí ègún bà. Ní ẹsẹ 14, ejò ni. Ní ẹsẹ 17, ilẹ̀ ni, nítorí Ádámù. Ọlọ́run kò fi tọkọtaya náà bú rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ń ṣì í sọ nìyẹn. Ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́: ìrora ìbímọ, òógùn ojú, àti ikú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 21 dáadáa. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n gán pọ̀ fúnra wọn. Ọlọ́run wá fi awọ dá ẹ̀wù fún wọn, ó wọ̀ ọ́ sí wọn lọ́rùn kó tó lé wọn. Ta ló ń dáṣọ fún ẹni tó ti kọ̀ sílẹ̀?

Alfa Ìlọrin: Àlàyé yín dára, ẹ̀gbọ́n. Nínú Kùránì, ó hàn kedere. Àdúà tí àwọn méjèèjì jọ ṣe wà ní Súrà 7:23, pé àwọn ti ṣàbòsí sí ara àwọn. Súrà 2:37 sọ pé Ọlọ́hun gba ìronúpìwàdà Ádámọ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ 38 ṣì ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí àforíjì, wọn ò padà sínú ọgbà.

Ọmọ Ọ̀fà: Lílé yẹn ló ṣì ń dùn mí.

Ará Òmù-Àrán: Àbúrò, Jẹ́nẹ́sísì 3 ẹsẹ 22 sọ ìdí rẹ̀: kí wọ́n má baà jẹ nínú igi ìyè, kí wọ́n sì wà láàyè títí láé. Lójú tèmi, àánú wà nínú ìyẹn náà.