Ohun tí ara máa ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ

Nínú gbogbo ìrírí mi lórí fífetí sí ara kí a tó yan ohun tí a óò jẹ, ohun tí mo dì mú jù ni pé ọ̀rọ̀ tí ara ń sọ lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti dà nínú ṣe é gbára lé ju èyí tó ń sọ nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dáni tòlótòló.

Ìgbà kan wà tí kò sí ohun tó ń wù mí bí omi dídì. N kì í dúró kó yọ́, ńṣe ni mò ń rún un: màá fi sáàárín eyín títí ẹnu yóò fi kú tipiri, màá wá fọ́ ọ, ara á sì tù mí díẹ̀ kó tó tún máa wù mí. Àárẹ̀ ń mú mi bí mo bá gun àtẹ̀gùn, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń funfun. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, èròjà irin ló dín nínú rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé irú ìfẹ́ yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tí irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí irin kankan nínú omi dídì. Mo lo oògùn tí wọ́n kọ fún mi, mo sì ń jẹ ẹran pupa àti ẹ̀wà, ìfẹ́ náà sì pòórá. Ara mi mọ̀ pé nǹkan kan kù. Ohun tó kù gan-an ni kò lè júwe.

Ebi pàápàá kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ àìní. Ghrelin, èròjà tó ń mú kí ebi pani, tí ikùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ní Japan ṣàwárí ní 1999, máa ń pọ̀ sí i bí àsìkò tí a máa ń jẹun bá ti ń súnmọ́. Àìsùn tó náà a máa mú kí oúnjẹ wuni ju bó ti yẹ lọ.

Nítorí náà, ní nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń yẹ ara mi wò: ṣé ojú mi dá, ṣé inú mi fúyẹ́, àbí oorun ń kùn mí, tí ebi sì tún ti dé? Bó bá jẹ́ ohun dídùn nìkan ni mo fi ṣínu, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹyin tàbí ẹ̀wà bá wà níbẹ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí wàrà tútù ti dùn mọ́ mi lẹ́nu tó, inú mi máa ń wú lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í lè da ṣúgà inú wàrà dáadáa mọ́, mo sì ti fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tó sì ń gba abẹ́rẹ́ insulin, kò gbọdọ̀ fi èyí rọ́pò yíyẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé bí àìsàn náà bá ti pẹ́ lára àwọn mìíràn, ara wọn kì í kìlọ̀ mọ́ bí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀.