Ìdánwò ajá agbẹ́yẹ: etí omi ni ẹ fojú sí

Bàbá Ọdẹ:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra. Ẹni tó bá ń kọ́ ajá fún Junior Hunter, ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ fún ajá tó ń gbé ẹyẹ tí ọdẹ pa wá, èyí tí AKC (ẹgbẹ́ àwọn olówó ajá ní Amẹ́ríkà) ń ṣe, kó má fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ ọ ní lílúwẹ̀ẹ́ nìkan. Ajá tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ pọ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bà jẹ́ ni ìṣísẹ̀ díẹ̀ tó kù láàárín etí omi àti ọwọ́ olówó ajá, nítorí òfin ní ọwọ́ gan-an ni kí ẹyẹ dé.

Bí ajá bá ti jáde, irun rẹ̀ ti rin gbingbin, ara rẹ̀ ń wá bí yóò ṣe gbọn omi dànù. Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀, ó gbọnra. Kó tó gbọnra tán, imú rẹ̀ ti gbé òórùn míì, ó sì ti lọ.

Orí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ ó ti tún un ṣe. Ẹ fi dọ́mì kánfáàsì, ohun tí a fi ń rọ́pò ẹyẹ nígbà ìkọ́ni, kọ́ ọ ní àṣẹ "Hold" (dì í mú): kó jókòó, kó dì í mú, kẹ́ ẹ máa fi kún àkókò náà títí á fi tó ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, kó dì í mú kó sì máa rìn. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ rọra da omi ìdajì garawa sí i lẹ́yìn nígbà tí dọ́mì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó rí i tí awọ èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ tún àṣẹ yẹn pè níbẹ̀ gan-an. Ìgbà tí ìyẹn bá wọ̀ ọ́ lára lẹ tó lọ sódò. Ẹ dúró kí omi kan bàtà yín, kẹ́ ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde tán. Ẹ wá máa fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí lọ́jọ́ ìdánwò ẹ kò ní lè kúrò lójú ìlà, ibi tẹ́ ẹ ti ń rán ajá, lọ pàdé rẹ̀.

Tó bá jù ú sílẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ajá tí wọ́n bá ń bá wí lórí ìpadàbọ̀ kì í sún mọ́ èèyàn mọ́, á kàn máa yí yín po ni.

Ìyá Chesapeake:
Ẹ ṣé, Bàbá. Kí n fi ti ẹyẹ kún un. Ẹ má bọ́ láti orí dọ́mì sórí odindi pẹ́pẹ́yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ so ìyẹ́ mọ́ dọ́mì, lẹ́yìn náà ẹyẹ inú fìríìsà tó ti yọ́, kó tó wá kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ajá tí kò fojú kan ẹyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rí lè máa là á tàbí kó máa rún un. Bó bá rún un débi tí kò ṣe é jẹ mọ́, ìdánwò ti parí fún un.

Ẹyẹ mẹ́rin ni ti Junior: méjì lórí ilẹ̀, méjì nínú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jù wọ́n. Ẹ lè di ajá mú níbi ọrùn, ṣùgbọ́n ẹ má rán an títí adájọ́ yóò fi pe nọ́ńbà yín. Aropin máàkì kò gbọ́dọ̀ dín sí 7 nínú 10, ẹ̀ka kankan kò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 5. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ajá gbọ́dọ̀ yege kó tó gba oyè Junior Hunter (JH).

Ajá tó ń sáré yípo bèbè dípò kó wọ omi, gbọ̀rọ̀ omi tóóró ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ dúró kí omi wà níwájú yín gbọnrangandan, kẹ́ ẹ ju dọ́mì sí òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá dúró ní ìgun bèbè, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀nà ilẹ̀ hàn án.

Dókítà Ẹran:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ inú omi pọ̀ jù. Ajá tó ń la ẹnu gbàgà gbé dọ́mì ńlá nínú omi léraléra ń gbé omi mì. Omi yẹn ló ń mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀: ikùn á wú, á máa bì, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì lè pa á. Ẹ lo dọ́mì pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ sì máa fún un ní ìsinmi lórí ilẹ̀. Bí àmì wọ̀nyẹn bá yọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Omi tí èéhọ́ rẹ̀ dà bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé lójú, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ kàn án. Irú èéhọ́ kan wà tó ní májèlé tó ń pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀.

Bàbá Ọdẹ:
Òótọ́ ni, Dókítà. Ẹni tó ń wo Senior, ìpele tó tẹ̀ lé Junior, níwájú, ẹyẹ méjì ni wọ́n máa ń jù níbẹ̀ kí ajá tó lọ, ó sì tún ní láti gbé èyí tí kò rí níbi tó bọ́ sí, lórí ilẹ̀ àti nínú omi. Kò sí ìdè ọrùn lójú ìlà níbẹ̀. Ajá tó bá gbé ẹyẹ kan dé ìdajì ọ̀nà, tó jù ú nù torí kó lọ gbé èkejì, ẹ dá a padà sórí ẹyọ kan ṣoṣo títí á fi máa mú un dé ọwọ́, kẹ́ ẹ tó tún ju méjì. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹyẹ méjèèjì bọ́ sí jìnnà síra wọn dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀.