"Àárín-gbùngbùn ẹ̀sìn" kẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ní ká máa pe Centrality of Religiosity Scale, ìyẹn àwọn ìbéèrè tí Stefan Huber, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, fi ń wọn bí ẹ̀sìn ṣe jẹ èèyàn lógún tó, ní "ìwọ̀n àárín-gbùngbùn ẹ̀sìn" lédè Yorùbá, ẹ má bínú sà, èmi ò fara mọ́ ọn. Àárín-gbùngbùn ìlú la máa ń sọ, ta ló ń sọ pé nǹkan wà láàárín-gbùngbùn ayé òun? "Òpómúléró" tí ẹnì kan mú wá dùn létí jùyẹn lọ, àmọ́ òpó kì í wà ní ìlàjì, ó wà ni àbí kò sí, bẹ́ẹ̀ máàkì ni Huber ń fún èèyàn láti 1 dé 5, ẹni tó gba 4 sókè, ẹ̀sìn ti gbà á lọ́kàn gidi nìyẹn, ẹni tí ò kọjá 2 kò ka ẹ̀sìn sí. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká lo "ìwọ̀n ìgbanilọ́kàn ẹ̀sìn", torí èèyàn lè béèrè pé "báwo ló ṣe gbà ẹ́ lọ́kàn tó?" kò sì ní há ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Orúkọ gan-an kọ́ ni wàhálà ṣá, àwọn ìbéèrè inú ẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n ti lò ó fún Religion Monitor, ìwádìí kan nípa ẹ̀sìn, ní 2007, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Mo wá gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ bá màmá mi, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lórí àtẹ. Mo ní "Màmá, ṣé ẹ máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn?" Wọ́n gbójú sókè, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ní mò ń ronú?" Ah, mo ti gbàgbé pé ẹni tó bá ń ronú lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan ló ń dùn ún. Mo bọ́ sórí èkejì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń gbàdúrà? "Ìrun àbí àdúà?" Ìrun, márùn-ún. Àdúà ò lónkà, kódà wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀gúsí yẹn. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì sínú "pray" kan ṣoṣo, máàkì wo la fẹ́ fún wọn báyìí?

Ẹ má tíì dán "ìgbàgbọ́" wò o, wọ́n á ní àwọn kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Gbà pé Ọlọ́run wà" ni mo lò. Fún onísẹ̀ṣe, "jọ́sìn" náà ò bá a lára mu, bíbọ lòun ń bọ Ifá.

"Ronú" yẹn ló ṣì ń jà mí lọ́kàn. "Ṣàṣàrò" ti jẹ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jù. Mo padà bi wọ́n pé ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn máa ń wá sí yín lọ́kàn lemọ́lemọ́, wọn ò tiẹ̀ wojú mi: "Ìgbà wo ló kúrò níbẹ̀ tó fẹ́ wá?"