Wọ́n fi mí ṣe adelé ọ̀gá EEO, lọ́yà ti ń béèrè àkọsílẹ̀ mi

Ìyá Tolú (Maryland):
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo wà. Ọ̀gá wa fẹ̀yìn tì lójijì, ni wọ́n bá ní kí n máa ṣe adelé olórí ẹ̀ka EEO tó ń gba ẹ̀sùn ojúsàájú níbi iṣẹ́, àti ẹ̀tọ́ aráàlú. Èmi tó jẹ́ pé ìdí fọ́ọ̀mù àti kíka iye òṣìṣẹ́ ni mo wà látọjọ́ yìí! Ọjọ́ Ajé ni obìnrin kan wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sín in jẹ nípàdé nítorí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, wọ́n sì tún fo orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè. Àfi bí mo ṣe lọ sọ nípàdé pé ẹjọ́ kan ti wọlé. Lónìí, lọ́yà ilé-iṣẹ́ kọ ímeèlì pé kí n fi àkọsílẹ̀ náà ṣọwọ́ kí àwọn lè tètè múra. Ọ̀gá HR náà ní ọ̀dọ̀ òun ni kí n máa jábọ̀ sí. Ara mi ń gbọ̀n.

Bọ̀dá Ìsánlú (Houston):
Dàírẹ́kítọ̀ wa! Ẹ kú oríire o. Ẹran wo la máa pa?

Ìyá Tolú:
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré lónìí.

Àǹtí Mọ̀pà (Virginia):
Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí lọ́yà. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́yà tó máa gbèjà ilé-iṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ohun tí ẹ̀ka rẹ ń ṣe, yálà gbígba ẹ̀sùn ni o, yálà ìwádìí ni. Ó wà gbangba nínú MD-110, ìwé ìlànà EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojúsàájú níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá nílò lọ́yà tó máa yẹ ìwé wò, ẹlòmíràn tí kò sí lára àwọn olùgbèjà ni kẹ́ ẹ wá. Ti HR, rárá. Olórí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá EEO ń jábọ̀ fún. Ìlànà ni tẹ́lẹ̀, àwọn aṣòfin wá sọ ọ́ di òfin nínú èyí tí wọ́n fi sọrí Elijah Cummings, aṣòfin ọmọ Baltimore yín níbẹ̀. HR ló ń gbani síṣẹ́, HR ló ń gbéni ga. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń fẹjọ́ wọn sùn lọ́dọ̀ rẹ, o wá fẹ́ máa jábọ̀ fún wọn?

Àbúrò Ògìdì (Baltimore):
Àǹtí, ṣé Trump ò ti ti gbogbo irú ẹ̀ka yẹn pa ni?

Àǹtí Mọ̀pà:
DEI, àwọn ètò tó ń fa onírúurú ẹ̀yà wọlé síṣẹ́, ni wọ́n tì. Ní January 2025 ó tún fagi lé àṣẹ 11246 tí Johnson fọwọ́ sí ní 1965 lórí àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba. Àṣẹ ààrẹ ni ìyẹn, ààrẹ míì lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ló ṣe Title VII ti 1964, òfin tó ka ojúsàájú níbi iṣẹ́ léèwọ̀, ní 1972 ni wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀tọ́ obìnrin yẹn wà níbẹ̀ digbí. Ìyá Tolú, ìgbà wo ni wọ́n fo orúkọ rẹ̀?

Ìyá Tolú:
Ó ti lé lóṣù méjì, mà.

Àǹtí Mọ̀pà:
Háà. Ọjọ́ 45 ni wọ́n fún un láti dé ọ̀dọ̀ counselor, ẹni tó ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ní ẹ̀ka EEO. Àfi bí kò bá mọ̀ pé ọjọ́ wà fún un, tí ẹ kò sì lẹ ìkéde rẹ̀ síbi tó lè rí i, ìgbà yẹn wọ́n á sún un síwájú. Lọ ya fọ́tò ògiri yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnì kan má lọ lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn kó ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Sísín in jẹ nípàdé ńkọ́, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn?

Ìyá Tolú:
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ó dáa. Bó bá jẹ́ ìyọlẹ́nu tó ń bá ara rẹ̀ bọ̀ ni, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè fa àwọn ti àtijọ́ wọlé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2002 nínú ẹjọ́ Morgan, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ti ìgbéga ni kò lè fà. Ìyẹn dá dúró, ọjọ́ tirẹ̀ ni wọ́n á máa kà fún un.

Bàbá Ìbejì (Atlanta):
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíràn fi kọ́gbọ́n. Mo ṣe counselor nígbà kan. Ọkùnrin kan, ọmọ Haiti, wá bá mi lórí ọ̀gá rẹ̀. Èmi ọmọ Kàbà, mo ní ṣé ohun tó yẹ ká jókòó parí rè é. Mo pe ọ̀gá, mo pe òṣìṣẹ́, mo ra dónọ́ọ̀tì sáàárín, mo ní kí kálukú sọ tinú rẹ̀. Wọ́n bọwọ́. Mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tó parí ìjà ọba méjì. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti yí iṣẹ́ ọkùnrin yẹn sí òru, wọ́n ní ètò ni. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, adájọ́ dà á nù. Ti ìgbẹ̀san tó tẹ̀ lé e ló mú wa. Ilé-iṣẹ́ sanwó gọbọi, wọ́n sì yọ mí kúrò nídìí ẹ̀.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ta ló ní kẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀? Bí kò bá tíì kọ ẹ̀sùn gan-an, tí kò sì fún yín láyè, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ó fún mi láyè! Ó ní kí n pè é.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ó kọ ọ́ sílẹ̀?

Bàbá Ìbejì:
Ẹnu ló fi sọ.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ẹ wò ó.

Bọ̀dá Ìsánlú:
Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Haiti kan ṣoṣo ló wà nínú ọ́fíìsì yẹn, orúkọ wo lẹ fẹ́ pa mọ́? Ọ̀gá yẹn ti mọ̀ kí wọ́n tó ra dónọ́ọ̀tì.

Àǹtí Mọ̀pà:
Kó máa fura lọ́tọ̀, kí EEO wá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i lọ́tọ̀. Bó bá ń fura lásán, ó lè sọ níwájú adájọ́ pé òun ò mọ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pe ìpàdé dónọ́ọ̀tì, ó ti mọ̀, ọjọ́ náà sì wà lórí kàlẹ́ńdà.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Manchester):
Ẹ má bínú o, èmi rò pé ìyẹn tiẹ̀ gbè ọkùnrin náà lẹ́yìn níwájú adájọ́. Kì í ṣe orúkọ ló ba nǹkan jẹ́. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọ̀gá yẹn kó tó jáde nínú yàrá pé bó bá fọwọ́ kan ìgbà iṣẹ́ ọkùnrin yìí láìnídìí, wàhálà ni. Ó yẹ kí wọ́n fún un níwèé ẹ̀. Àìkìlọ̀ ni àṣìṣe.

Bàbá Ìbejì:
Ọlọ́run bù kún ẹ, àbúrò mi.

Àǹtí Mọ̀pà:
Má tì í lẹ́yìn. Méjèèjì ni àṣìṣe.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Mà, ìlàjà ò burú. Níbí, Acas, àjọ tó ń làjà níbi iṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó dé tribunal, ilé-ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Àǹtí Mọ̀pà:
Mi ò sọ pé ìlàjà burú. ADR, ètò ìlàjà, wà níbí náà. Ẹni tó ń fẹjọ́ sùn ló máa yàn án, ẹni tí kò sí níhà ẹnì kankan ló máa ṣe é, ìgbà counselor á sì di ọjọ́ 90 dípò 30. Kì í ṣe kí counselor fúnra rẹ̀ di olórí ẹbí.

Bàbá Ìbejì:
Dónọ́ọ̀tì yẹn dáa ṣá o 😂

Bọ̀dá Ìsánlú:
Tèmi kò tó ti Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ìjọba ìlú ni mo wà, a máa ń ṣe EEO-4, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ka òṣìṣẹ́ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, ní ọdún méjì-méjì. Àwọn kan kò kún ibi ẹ̀yà, ni ọmọ HR kan bá wo orúkọ, ó kọ gbogbo Santos àti Reyes sí Hispanic. Àwọn Filipino tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ fárígá. Àtúnṣe yẹn gba gbogbo ìsinmi wa. Ìyá Tolú, ìwọ tó mọ fọ́ọ̀mù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wojú kà.

Ìyá Tolú:
Ẹ ṣé. Àmọ́ Àǹtí, ìlérí tí mo ṣe fún obìnrin yẹn ńkọ́?

Àǹtí Mọ̀pà:
Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú ju lọ́yà lọ. Orúkọ rẹ̀ lè wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ counselor. Ṣùgbọ́n ìyọlẹ́nu lo gbọ́ yẹn. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ètò ọ̀tọ̀ tó ń wá ìdí irú ẹ̀ kó lè dáwọ́ dúró, kì í ṣe ẹ̀ka tìrẹ, EEOC sì fẹ́ kí ìwádìí yẹn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10. Nítorí náà, "kò sẹ́ni tó máa gbọ́" ti ju agbára rẹ lọ. Padà lọ bá a. Sọ ohun tó o lè pa mọ́ fún un àti ohun tó ò lè pa mọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Kò ní wá mọ́ láé. Ẹ wo ẹni tó sunkún níwájú yín, ẹ wá lọ sọ fún un pé ẹ ti yí ọ̀rọ̀ padà?

Àǹtí Mọ̀pà:
Kó má wá, ó sàn ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Mi ò gbà, mà. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Bàbá Àgbà (Kàbà):
Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń kà á bọ̀. Ẹ kú làálàá. Nílé níbí, láti 1996 ni wọ́n ti dá Federal Character Commission sílẹ̀ kí iṣẹ́ ìjọba lè yí gbogbo ìpínlẹ̀ ká. Wọ́n dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, àwa Yorùbá Ọ̀kun tó wà níbẹ̀ kò tíì wọlé ìbò gómìnà rí títí dòní. Olafemi, olórí ilé aṣòfin, ló débẹ̀ ní 2008. Kí lẹ rò pé ó jẹ? Adelé. Bí oṣù méjì. Ìyá Tolú, oyè ìdílé wa lo jẹ yẹn.

Àbúrò Ògìdì:
😂😂😂 Adelé ayérayé!

Bọ̀dá Ìsánlú:
Àǹtí Mọ̀pà, ẹ bá wa kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja.

Bàbá Ìbejì:
Láti 1991? Ọjọ́ 45 ti kọjá, arákùnrin.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ìyọlẹ́nu tó ń bá ara rẹ̀ bọ̀ ni. Ó ṣì wà láàyè. Gbogbo ọjọ́ ìbúra ni wọ́n ń tún un ṣe.

Bàbá Àgbà:
Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí gbọ́n.

Ìyá Tolú:
Mo rẹ́rìn-ín dé omijé. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, kí gan-an ni kí n kọ sí lọ́yà? Ó ní kí n fèsì kó tó di ọ̀sán ọ̀la.

Àǹtí Mọ̀pà:
Ìlà méjì péré ni. Má bínú, má ṣàlàyé, má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dúró ná, wọ́n ń pè mí láti ilé.

Bọ̀dá Ìsánlú:
Ìyá Tolú, kó ẹrù rẹ wá sí Houston. Iṣẹ́ ìjọba ìlú wà, ilé ò wọ́n, iṣu wà.

Àbúrò Ògìdì:
Ẹni tó bá wà ní Houston kò tíì kúrò ní Lọ́kọ́ja. Ooru kan náà ni.

Bọ̀dá Ìsánlú:
Lọ́kọ́ja ní odò méjì tó pàdé. Kí ló wà ní Baltimore?

Àbúrò Ògìdì:
Ẹ wo ẹni tó ń gbèjà Lọ́kọ́ja lẹ́yìn ẹ̀sùn tó ní ká kọ.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ṣì ń rí oòrùn tẹ́ ẹ fi ń jà. Òjò ti ń rọ̀ ní Manchester láti àárọ̀. Ká ní ilé ni mo wà báyìí, ẹ ò lè mọ̀! Ẹ rántí ìgbà káṣú? Téèyàn bá fi eyín fa omi ẹ̀, tó kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun iléèwé, ìyá ẹ á fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, àmì yẹn á dúró gbagidi. Mo fi àmì káṣú jókòó ṣèdánwò.

Bàbá Ìbejì:
Àti orí ahọ́n! Á máa ta èèyàn ní ọ̀fun, a ò sì ní fi í sílẹ̀. Hóró ẹ̀ náà wà ní ilé ìtajà níbí, wọ́n kó o sínú agolo, iyọ̀ ni wọ́n fi pa á.

Bàbá Àgbà:
Káṣú ti di owó nílé báyìí, àwọn olùrà ń tọ̀ ọ́ lọ sínú oko. Ọ̀nà Obajana sí Kàbà náà ti di sìmẹ́ǹtì, Dangote ló ṣe é. Ẹ máa bọ̀ wálé, ẹ ò ní mì lójú ọ̀nà.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Bàbá, lẹ́yìn Kàbà ńkọ́? Ẹ̀yin ará Kàbà, tí ọ̀nà bá ti dé ẹnu ilé yín, ayé ti dára.

Bàbá Àgbà:
Ẹ̀gbẹ̀ ní ọsibítù, ẹ ní Titcombe College. Kí lẹ tún fẹ́? Ẹ jẹ́ kí àwa náà ní sìmẹ́ǹtì.

Bọ̀dá Ìsánlú:
Mo ń bọ̀ ní December o. Ìsánlú ni mo ń lọ tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán tó ní láárí, kó tẹ̀ lé mi. Kò sí iyán tó lè dúró níwájú tiwa ní gbogbo Yàgbà, títí kan Mọ̀pà.

Bàbá Ìbejì:
Yàgbà! Ẹ ò tíì jẹ ti Kàbà ni.

Àbúrò Ògìdì:
Àǹtí Mọ̀pà ń tẹ nǹkan. Ìlà méjì yẹn ń bọ̀.

Àǹtí Mọ̀pà:
Mo kàn lọ gba fóònù ni o. Ta ló ní iyán Ìsánlú ju ti Mọ̀pà lọ?