Kí lojú yín ti rí lórí ọ̀rọ̀ ẹgba nílé ìwé? Ẹ̀yin ará wa l'Abuja àti l'Òkè Ọya, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ṣakí, Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ níbí na ọmọ SS2 kan lẹ́gba lọ́wọ́ torí pé ó mú fóònù wọ yàrá ìdánwò. Kó tó di ọ̀sán, bàbá ọmọ ti kó ọlọ́pàá dé. Wọ́n mú un lọ sí téṣàn, ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó sì tún san owó béèlì. Ṣé bó ṣe ń rí níbi tí ẹ wà nìyẹn? Òbí o, olùkọ́ o, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí.

Bàbá Sodiq, Mararaba
Ayé ti bàjẹ́. Àwa tí wọ́n nà nígbà tiwa, ṣé a kú ni?

Lọ́yà Kékeré, Wuse
Owó béèlì wo? Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri téṣàn gan-an. Kí àbúrò yín padà lọ gba owó rẹ̀.

Ọmọ Ṣakí, Kubwa
Ta ló fẹ́ padà lọ síbẹ̀?

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada
Èmi ò tilẹ̀ na ọmọ rárá o, síbẹ̀ ẹ wo ohun tí mo rí. Àwọn ọmọkùnrin SS1 kan máa ń sá lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásìkò ìsinmi. Tí wọ́n bá padà sí kíláàsì, ojú á ti pọ́n, ahọ́n á máa wúwo lẹ́nu wọn. Mo ṣọ́ wọn títí mo fi mọ ohun tó ń lọ. Oògùn ikọ́ oní-kòdíìnì ni. Láti May 2018 nìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń rí i rà.

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá ọ̀kan nínú wọn. Ó dé tìbínú-tìbínú, ó ní mo fẹ́ ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́, ó ní òun mọ aṣòfin tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì ọmọ ka orí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé, tó ń tú u, tó ń pariwo pé "ẹ wá wò ó, kí ló wà níbẹ̀?" Ìwé jáde, páálí bísíkíìtì jáde, ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ká jọ náà já bọ́ sórí tábìlì, ó dún kò. Ìgò ló wà nínú rẹ̀. Bàbá wo ìgò, ó wo ọmọ, ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ta ló fi í síbẹ̀.

Ìyá Adùkẹ́, Nyanya
Háà! Ó bi yín?

Bàbá Sodiq, Mararaba
Ẹ ò rí i? Ẹgba gidi ni ọmọ yẹn nílò. Bàbá rẹ̀ náà sì nílò ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Bàbá Sodiq, ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́ sí mi, ẹ má bínú sà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹgba yìí kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, kò jẹun, kò fẹ́ bọ́ aṣọ. Mo ní kí ló dé, ó ní ó rẹ òun. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ló ké. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ ara. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń rin aṣọ yẹn díẹ̀díẹ̀ kó tó ṣí kúrò, ọmọ ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi ni olùkọ́ fi nà án. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? A ò tíì san owó lẹ́sìn. Ọmọ ọdún 11 ni, níbo ni yóò ti rí owó lẹ́sìn?

Ìyá Adùkẹ́, Nyanya
Owó lẹ́sìn kẹ̀! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Omi ti bọ́ lójú mi.

Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari, Kano
Bí wọ́n bá dán irú ẹ̀ wò lára ọmọ tèmi, ọlọ́pàá nìkan kọ́ ni màá kó wá.

Bàbá Sodiq, Mararaba
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ tẹnu olùkọ́? Ọmọ lè ní owó lẹ́sìn ni, kó jẹ́ nǹkan míì ló ṣe.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Kí ni ì bá ṣe, sà, tí yóò fi yẹ kí ẹ̀jẹ̀ jáde? Mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì mú ìwé náà tọ onílé ìwé lọ. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n lé olùkọ́ náà dànù. Mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada
Ìyẹn kì í ṣe ìbáwí mà. Ìkà ni. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí òbí máa wo gbogbo wa bí ọ̀tá.

Lọ́yà Kékeré, Wuse
Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Òfin méjì ló wà nílẹ̀. Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Òkè Ọya àti l'Abuja, ní abala 55, fàyè gba òbí àti olùkọ́ láti fìyà jẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kí wọ́n lè fi tọ́ ọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n abala yẹn náà ló ní kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ fa ìpalára ńlá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 wá ní, ní abala 11, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ọmọ léṣe, kò gbọdọ̀ fìyà tó ń tàbùkù èèyàn jẹ ẹ́. Ti 2003 yẹn de Abuja tààrà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀, bí Èkó ṣe ṣe é ní 2007. Àbúrò Ọmọ Ṣakí lè fi abala 55 gbèjà ara rẹ̀. Onírọ́bà yẹn ò lè fi gbèjà ara rẹ̀.

Abala 55 yìí kan náà ló gba ọkọ láàyè láti bá ìyàwó wí bẹ́ẹ̀, bí àṣà wọn bá fàyè gbà á.

Àbíkẹ́, Minna
Ẹ dúró ná! Kí ọkọ na ìyàwó? Nínú òfin?

Lọ́yà Kékeré, Wuse
Ó ti wà níbẹ̀ láti 1960, mà. Àmọ́ l'Abuja, òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó de ìwà ipá sí èèyàn, ti sọ lílu ìyàwó di ẹ̀ṣẹ̀.

Àbíkẹ́, Minna
Wọ́n kà wá mọ́ ọmọdé nìyẹn.

Bàbá Sodiq, Mararaba
Ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ níbí. Ẹ má gbé ti ìyàwó wọ̀ ọ́.

Àbíkẹ́, Minna
Àwọn tó ṣòfin ló gbé e wọ̀ ọ́, sà. Ẹ lọ bá wọn jà.

Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari, Kano
Aṣòfin wo? Àwọn tí bàbá yẹn fi ń halẹ̀ mọ́ Tíṣà? Ní June 2010, wọ́n lu ara wọn nílé aṣojú-ṣòfin l'Abuja níbẹ̀ títí aṣọ fi ya. April 2018, àwọn kan já wọ ilé aṣòfin àgbà, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ sá lọ. Ọmọ ń wo gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ní kó má jà ní kíláàsì.

Ìyá Adùkẹ́, Nyanya
Aṣòfin kọ́ ló ra fóònù fún ọmọ SS2. Ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, Sabon Gari, Kano
A ò lè fi í sílẹ̀. Olùkọ́ tí wọn ò sanwó oṣù fún, tó ń fi ìkanra wọ kíláàsì, ta ló jẹ ẹ́ lówó? Ìjọba ni.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Ilé ìwé aládàáni ni tèmi. Wọ́n ń sanwó fún un.

Alákọ̀wé, Tudun Wada, Kaduna
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n ṣáà máa nà wọ́n, ẹ rántí Rigasa. Kò jìnnà sí wa. September 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan níbẹ̀, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 300 jáde, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, àpá pàṣán wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe pé wọ́n jí gbogbo wọn gbé o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹbí wọn ló mú wọn lọ: èyí ń mu oògùn, èyí ń jalè, èyí ò gbọ́ràn, ẹ bá wa tún un ṣe. Bàbá kan ládùúgbò wa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ń tọ́jú owó láti mú ọmọ òun lọ síbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ti sú u.

Ìyá Adùkẹ́, Nyanya
Mo rántí. Mi ò lè wo àwòrán yẹn tán.

Bàbá Sodiq, Mararaba
Ìyẹn ti kọjá ìbáwí, mo gbà. Ẹgba méjì lọ́wọ́ ni mò ń sọ ní tèmi.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Ta ló ń kà á tó bá di inú kíláàsì, sà?

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada
A ti ń kà á lọ́dọ̀ tiwa. Olùkọ́ kíláàsì ò gbọdọ̀ nà mọ́. Ọ̀gá nìkan ni, ó sì ní ìwé kan: orúkọ ọmọ, ohun tó ṣe, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀, kí òbí fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ló fẹnu kò sí i. Láti ìgbà náà, ọ̀gá gan-an kì í fẹ́ nà mọ́, ọmọ ń gé koríko ni.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tó ṣófo nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ìpàdé wa lọ́jọ́ Sátidé.

Tíṣà Ìṣirò, Gwagwalada
Ó di Mọ́ńdè mà, tí mo bá dé ọ́fíìsì.

Ìyá Ìbejì, Lugbe
Màá retí rẹ̀.