Káàdì iná 5,000 ń tán lọ́jọ́ 6 nílé ìyá àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́: níbo ni yúníìtì ń gbà lọ?

Àkàndé_Tákìé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá àgbà kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹni ọdún 74, ó ń dá gbé yàrá méjì nílé alámọ̀ àtijọ́ kan lẹ́yìn Tákìé. Ohun táwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́ ló fi ń ra iná. Mítà alákàádì ni, Báńdì A ni àdúgbò wà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Bí wọ́n bá ra 5,000, kì í ju ọjọ́ 6 lọ.

Ohun tó wà nílé kò pọ̀: gílóòbù pupa ayé àtijọ́ 60W mẹ́ta, wọ́n ń tàn án bíi wákàtí 5 lálẹ́, fáànù òkè kan, wákàtí 12, tẹlifísọ̀n kékeré, wákàtí 4, fíríìjì kékeré kan tó ti pẹ́. Kò sí áyọ́ọ̀nù, kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Ẹnì kan ní kí ìyá máa pa fáànù, ẹlòmíì ní mítà ló ń sáré, kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Oníná_Sábó:
Ẹ má fọwọ́ kan fáànù ìyá o. Ẹni ọdún 74 nínú ooru oṣù kẹta láìsí atẹ́gùn, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. VAT (owó-orí ọjà) 7.5% wà nínú 5,000 yẹn, nítorí náà bíi 4,651 ló ku tó ń ra iná gan-an. Báńdì A di 225 náírà fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin 2024, ó já wálẹ̀ díẹ̀, ó sì di 209.5 lóṣù keje ọdún kan náà. Èmi yóò fi 209.5 ṣírò, ẹ̀yin, iye tó wà lórí rìsíìtì yín ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tún yẹ rìsíìtì náà wò dáadáa bóyá wọ́n ń gé gbèsè àtijọ́ kúrò nínú owó kí wọ́n tó fún yín ní yúníìtì. Ó wọ́pọ̀ nílé tí ayálégbé ti kó jáde láìsan gbèsè.

Bí kò bá sí gbèsè, yúníìtì 22.2 ni ẹ rí gbà. Pín in sí ọjọ́ 6, ó jẹ́ 3.7 lójúmọ́. Yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì (W) fún wákàtí kan. Ó yá: gílóòbù 60 × 3 × 5 jẹ́ 900, ìyẹn yúníìtì 0.9. Fáànù 70W fún wákàtí 12 jẹ́ 0.84. Tẹlifísọ̀n 50W fún wákàtí 4 jẹ́ 0.2. Gbogbo rẹ̀ 1.94. Ó ku 1.76, fíríìjì nìkan ló sì ṣẹ́kù. Fíríìjì kékeré tí ara rẹ̀ le kì í sábà jẹ ju yúníìtì kan lọ lójúmọ́. Ohun kan ń jẹ nǹkan bíi 0.8 tí ẹ ò kà mọ́ ọn.

Gílóòbù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, lónìí olónìí. Gílóòbù LED 9W mẹ́ta tí ẹ bá fi rọ́pò wọn, fún wákàtí 5, kò ju 0.135 lọ. Ohun tẹ́ ẹ jèrè lóṣù tó yúníìtì 23, ó lé ní 5,100 náírà tí VAT bá wọ̀ ọ́. Gílóòbù mẹ́ta péré ló ń jẹ odindi káàdì kan lóṣù!

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mítà ń sáré, ẹ dán èyí wò. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíríìjì náà, ẹ má gbàgbé ṣájà fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ lọ wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú mítà. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú fún yúníìtì kan. Tó bá jẹ́ 1000, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí iná náà bá ṣẹ́jú títí di ìgbà tó bá tún ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fi pín 3,600. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni wáàtì tó ń lọ. Tó bá jẹ́ 1600, 2,250 ni kẹ́ ẹ pín. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó sọ pé kò ṣẹ́jú.

Afẹ́fẹ́tútù_Ọ̀yọ́:
Lórí fíríìjì: ẹ fi bébà tín-ín-rín há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kò dì mọ́, ooru ń wọlé, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, kò sì ní sinmi. Ẹ yí i ká, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Rọ́bà tó kàn dọ̀tí tàbí tó gan, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ fi faselíìnì díẹ̀ pa á. Èyí tó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí yìnyín inú rẹ̀ bá ti nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ pa á kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ó lè lu páìpù gáàsì rẹ̀! Kọ́bọ́ tí ẹ rò pé ẹ gbà là, gáàsì fíríìjì ni yóò gbà á. Ẹ fà á kúrò lára ògiri tó bí ìbú ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ yí bọ́tìnnì inú rẹ̀ sí 2 tàbí 3, kì í ṣe 7. Tí insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, bá wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíì fún un kẹ́ ẹ tó pa fíríìjì.

Ẹ sì máa sá fún ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń dín iná kù. Kapasítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná dúró fún ìgbà díẹ̀) àti gílóòbù wínníwínní ló wà nínú rẹ̀. Mítà ilé kì í ka ohun tí kapasítọ̀ ń tún ṣe.

Àkàndé_Tákìé:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti pa gbogbo rẹ̀, a yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì. 1000 imp/kWh ni. Iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú, ó ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 90 kó tó tún ṣẹ́jú. Bébà náà di gírígírí, àmọ́ yìnyín pọ̀.

Oníná_Sábó:
Òun nìyẹn. 3,600 pín sí 90 jẹ́ 40W. Bí iná bá wà fún wákàtí 20, 0.8 yúníìtì lójúmọ́ ń lọ lófo. Mítà kò ṣẹ̀.

Ẹ pa swíìṣì àgbà tó wà láàárín mítà àti ilé. Tó bá dáwọ́ dúró, inú ilé ni àléébù wà. Tí kò bá dúró, a jẹ́ pé ẹnì kan so wáyà mọ́ tiyín kó tó dé swíìṣì náà, tàbí wáyà yẹn gan-an ló ti bó. Ẹ má gun ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ fà á, ẹ ké sí ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n wá wò ó.

Tó bá jẹ́ inú ilé, ẹ pa gbogbo fíúsì, ẹ tan swíìṣì àgbà padà, kẹ́ ẹ wá máa tan fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo mítà. Èyí tí ẹ tàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ni kẹ́ ẹ mú. Nílé alámọ̀, ibi mẹ́ta ni mo máa kọ́kọ́ wò: wáyà gílóòbù ìta tí òjò ń pa, ibi tí eku ti jẹ rọ́bà wáyà lókè àjà, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri tó ń rin lẹ́bàá bàlúwẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun kan kẹ́ ẹ tó tú ògiri: ṣé kò sí ayálégbé tàbí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tó ń gba iná lára fíúsì ìyá? Gílóòbù ẹ̀yìnkùlé kan tó ń tàn tọ̀sán-tòru lè jẹ́ 40W géérégé.

Tí ẹ bá rí i pé wáyà ló ń jò, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn rọ́bà wáyà, Mẹ́gà ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ní tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú nìkan kò ní rí i. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló le jù níbẹ̀. Wáyà tó ń jò sínú ògiri tútù lè gbé iná sára páànù tàbí irin fèrèsé, ìyá sì ń fi ọwọ́ kàn án láràárọ̀. Títí wọn yóò fi tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí fíúsì yẹn wà ní pípa.

Ìdáná_Arẹ́mọ:
Ẹ jọ̀wọ́, gáàsì ti wọ́n jù. Ṣé kí àgbàlagbà lọ ra họ́ọ̀tì pléètì?

Oníná_Sábó:
Kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ tí họ́ọ̀tì pléètì yóò fi nǹkan bíi yúníìtì 10 ṣe. Ẹ fi 10 lọ́nà iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan, VAT pẹ̀lú. Fún 209.5, ó jẹ́ bíi 2,250. Níwọ̀n ìgbà tí kílò gáàsì bá wà lábẹ́ iye yẹn, gáàsì ló dára jù fún Báńdì A. Báńdì D àti E, ọ̀tọ̀ ni iye tiwọn, àmọ́ wákàtí 8 àti 4 ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, oúnjẹ ò lè máa dúró de iná.

Omi ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ẹ má se odindi garawa dé híhó kẹ́ ẹ tó dúró kó tutù. Lítà 2 tó hó, ẹ dà á sí lítà 8 omi lásán, ó wọ 40°C, ó tó ìwẹ̀ àgbàlagbà. Bí iná gáàsì bá pupa tó ń dú ìdí ìkòkò, ẹ tú orí rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ihò rẹ̀. Ẹ bo ìkòkò. Ẹ sì má gbé èédú wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípa nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ó ń pani lójú oorun.

Ọ̀wọ́dé_Kan:
Ti wa kò tilẹ̀ ní mítà. Bíìlì àfojúdá ni, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Bàbá àgbà kan ló wà nínú yàrá yẹn, gílóòbù kan, rédíò kan.

Akọ̀wé_Ìsàlẹ̀Ọjà:
Ẹ má wulẹ̀ lọ jà lọ́ọ́fíìsì wọn. Láti oṣù kejì 2020 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ti ṣòfin pé bíìlì àfojúdá ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, fíídà kọ̀ọ̀kan (ìlà wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) sì ní iye tirẹ̀. Lóṣù kejì 2024 wọ́n bu ìtanràn bílíọ̀nù 10.5 náírà lé àwọn ilé-iṣẹ́ apínná 11 nítorí pé wọ́n kọjá ààlà yẹn. Ẹ wá orúkọ fíídà yín lórí bíìlì, ẹ wo iye yúníìtì tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un, ẹ fi owó yúníìtì rẹ̀ lọ́nà rẹ̀. Tí bíìlì bá kọjá rẹ̀, ẹ ti rí ẹ̀rí.

Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì: nọ́ḿbà àkáǹtì, oṣù, iye tí wọ́n bù, iye tó yẹ, àti ohun tó wà nínú yàrá. Ẹ béèrè mítà nínú lẹ́tà kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí ẹ óò mú lọ sílé, kí wọ́n kọ déètì sí i. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni tí kò lọ ni lójú wọn. Kí ẹ máa san iye bíìlì tó kẹ́yìn tí ẹ kò bá wọn jà lé lórí, kí wọ́n má bàa rí ohun sọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ já wáyà bàbá láìkọ̀wé ìkìlọ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi dáhùn. Tó bá kọjá, ẹ gbé ẹ̀dà onóǹtẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iná. Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin iná 2023 ti gbé àṣẹ yẹn lé lọ́wọ́, nítorí náà, àjọ ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi.