Ìrírí àwa tá à ń wọn ọpọlọ màlúù àti ẹṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Yàrá tí wọ́n ti ń la òkú ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ màlúù la sì máa ń wọ̀n jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi títóbi orí màlúù díwọ̀n ọpọlọ rẹ̀. Tí ayùn bá wọ iwájú orí èyí tó ti dàgbà, ihò tó kún fún afẹ́fẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ bá. Ihò náà gbòòrò débi pé ó wọ inú ìwo lọ. Eegun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ ṣì máa rẹ́ kí ẹ tó débi ọpọlọ. Màlúù tó wúwo ju 500 kílò lọ, nǹkan bíi 400 sí 500 gíráàmù lọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ti àwa èèyàn tó 1,300.

Yíyọ ọ́ gan-an ló gba sùúrù. Awọ líle kan wà láàárín ọpọlọ ńlá àti kékeré tó wà lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ń fà á láì tíì gé awọ yẹn, ọpọlọ á ya. Èmi máa ń da orí náà kodò ni, màá máa gé àwọn iṣan tó so ọpọlọ mọ́ agbárí lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì jẹ́ kí ọpọlọ fúnra rẹ̀ rọra bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, orí òṣùwọ̀n ló kàn lójú ẹsẹ̀, torí fọ́málìn, ìyẹn omi kẹ́míkà tá a fi ń pa ẹ̀yà ara mọ́ kó má bàa jẹrà, máa ń yí ìwọ̀n padà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé ìwádìí tó kọ gíráàmù sílẹ̀ láì sọ bóyá tútù ni wọ́n wọ̀n ọ́n àbí lẹ́yìn fọ́málìn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi wé tiẹ̀?

Ẹlòmíì fèsì pé: Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ọpọlọ ẹṣin lèmi ń wọ̀n ní tèmi. Ike fọ́málìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Tẹ́ ẹ bá kàn ju ọpọlọ sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ọpọlọ náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbú àti gíga tẹ́ ẹ bá wọ̀n ò ní jóòótọ́ mọ́. A máa ń ki okùn tín-ín-rín bọ abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, a óò so ó mọ́ ẹnu ike, kó máa fì láì kanlẹ̀. Tó bá ti le dáadáa, kálípà, ìyẹn irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń há nǹkan láti wọ̀n ọ́n, la fi ń wọn gígùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́po pọ̀ lójú ọpọlọ ẹṣin, kálípà ò lè dé ibẹ̀, nítorí náà a óò tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi, a óò wá wo bí omi ṣe gòkè tó, ká lè mọ bí gbogbo ọpọlọ náà ṣe tóbi tó.